Àgò Létí Òkun

Télọ̀ ni mí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gé aṣọ ní Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kí n tó débẹ̀ sì rèé, mo ti fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì, wíwo ènìyàn ló kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Bí oníbàárà bá ti ń wọlé, kó tó jókòó, ó yẹ kí n ti mọ èjìká tó ga ju ìkejì lọ, kí n mọ̀ bóyá ikùn rẹ̀ yọ síwájú tàbí ó sọ̀ kalẹ̀, bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Tépù kàn máa wá jẹ́rìí sí ohun tí ojú ti rí ni. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: a ó fi tìmùtìmù kékeré sí èjìká tó rẹlẹ̀, a ó ṣẹ́ aṣọ po díẹ̀ lẹ́yìn, a ó jẹ́ kí agbádá já wálẹ̀ dáadáa kó lè gba ikùn mọ́ra. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀" ni wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, mo ṣì gbà á gbọ́ lónìí. Aṣọ ló ń bọ́ mi, òun náà ló rán àwọn ọmọ mi mẹ́ta níléèwé.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn ni etíkun gbogbogbòò tí ènìyàn lè lọ láìwọ aṣọ kankan. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti ń lọ.

Ọdún 1997 ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìdílé kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Hove gbé aṣọ ẹbí fún mi rán, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún wọn ní Sátidé kan nínú oṣù keje. Nígbà tí mo parí, oòrùn ṣì wà lókè, mo ní kí n rìn létí òkun díẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Mo wọ Brighton, mo kọjá Palace Pier, afárá gígùn tó wọnú òkun yẹn, mo ń bá etí omi lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní Volk's, tí iná mànàmáná ti ń wà létí òkun náà láti ọdún 1883, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun tàwọn èrò nínú. Kí n tó dé Marina ni mo rí pátákó kan. Ó ní láti ibí yìí lọ, ibi àwọn tí kò wọṣọ ni. Lẹ́yìn pátákó náà, òkúta wẹ́wẹ́ ga jọ bí ebè, ẹni tó jókòó lódìkejì rẹ̀ kò hàn sí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà.

Mo gun ebè náà. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun tí yóò lé mi sá. Àwọn tó wà níbẹ̀ tó ogójì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà jù mí lọ. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn. Obìnrin kan ń bó ọsàn. Àwọn méjì ń jiyàn lórí eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ ta òkúta bó ṣe ń sọ tẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan dìde láti lọ wọ omi, ó ga, irun rẹ̀ ti funfun. Ojú télọ̀ kì í sinmi. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé èjìká rẹ̀ òsì fi ìka méjì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ọkàn mi ti ń wá tìmùtìmù tí yóò bá a mu. Irú èjìká bẹ́ẹ̀ tí mo ti bá ènìyàn fi pamọ́ kò lóǹkà. Ọkùnrin yìí kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ń tẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí òkúta nítorí pé òkúta náà mú, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó, ó sì rọra wọ omi lọ. Èmi dúró sórí ebè tèmi ti kóòtù, táì sì wà lọ́rùn mi. Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni ara ń ni.

N kò bọ́ra lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo padà lọ, mo sì jókòó tòun ti ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì fún bíi wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé kí ló dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ wọṣọ lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọn kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo bọ́ ìyókù, mo sì ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ká aṣọ oníbàárà. Atẹ́gùn kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìbàdí mi, níbi tí bẹ́líìtì ti ń há láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ máa ń ro mí títí dìgbà tí kò ro mí mọ́. Mo wọ omi. Omi òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù bíi yìnyín, ó gba èémí lẹ́nu mi, àmọ́ nígbà tí mo jáde kò sí aṣọ tútù kan tó lẹ̀ mọ́ mi lára. Oòrùn ló nù mí gbẹ.

Bí mo bá ní wọn kò wò mí, irọ́ ni. Fún bí ọdún mẹ́ta, mo lè lọ ní ìgbà mẹ́wàá kí n má rí aláwọ̀ dúdú mìíràn. Àwọn kan wò mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bọ́ra yìí, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Mo dojú bolẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà nítòsí ló jí mi. Ó ní oòrùn ti ń jó mi lẹ́yìn, pé kí n má jẹ́ kí wọ́n tàn mí pé kì í jó aláwọ̀ dúdú, ó sì na ìpara rẹ̀ sí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn tó ń bínú sí ìhòòhò létí òkun máa ń sọ ọ́ bíi pé àná ni wọ́n bí i. Ìlú Brighton fúnra rẹ̀, omi òkun ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Richard Russell kọ ìwé lédè Látìn ní ọdún 1750 lórí bí omi òkun ṣe ń wo àìsàn sàn, ní ọdún 1753 ó kó wá sí Brighton, àwọn aláìsàn olówó sì tẹ̀ lé e. Ilé onígi kéékèèké tó ní táyà ni wọ́n fi ń wọ omi, ẹṣin ni yóò fà á, ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò bọ́ra níbẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun láti ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin alágbára kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ri àwọn oníbàárà bọ omi. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Martha Gunn, tó kú ní ọdún 1815, sàréè rẹ̀ wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas níbẹ̀ títí dòní. Nígbà yẹn, ìhòòhò ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń wọ òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe dandan. Àlùfáà Áńgílíkà kan, Francis Kilvert, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọdún 1874 pé òun kórìíra ṣòkòtò tí wọ́n ní kí òun wọ̀ wẹ̀ ní Shanklin. Àlùfáà ni o.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Brighton tó fún wa ní ibi tiwa padà. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, Eileen Jakes, ló jà fún un. Àwọn kan pariwo pé ìwà yóò bàjẹ́, pé àwọn àlejò kò ní wá mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i. Ìlú kò bàjẹ́, àwọn àlejò kò sì dẹ́kun àtiwá.

Mo mọ̀ pé àwọn ọgbà aládàáni wà. Ní ọdún 1924 ni àwọn díẹ̀ ti ń yá oòrùn láìwọṣọ lórí ilẹ̀ aládàáni ní Wickford ní Essex, Spielplatz tó wà ní Hertfordshire sì ti wà láti ọdún 1929. Mo ti lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmọ́ ọgbà ní odi yíká, ó ní géètì, ó ní owó ọdọọdún, ó ní fọ́ọ̀mù tí ènìyàn ń kọ orúkọ sí. Ẹni tí kò tíì dá a lójú pé òun fẹ́ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, báwo ni yóò ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù? Etíkun gbogbogbòò ni mo lè dé láìbẹ ẹnikẹ́ni, kí n jókòó tòun ti ṣòkòtò mi, kí n sì dìde lọ bí ọkàn mi kò bá gbà á. Bí ó bá jẹ́ ọgbà nìkan ló wà ni, èmi kì bá tí débẹ̀ láéláé. Ìdí nìyí tí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn bí wọ́n bá sọ pé, "Ẹ lọ sínú ọgbà yín, ẹ fi etíkun sílẹ̀ fún ọmọ ènìyàn."

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ilé, torí òun ló máa ń le jù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn.

"Àbúrò, wọ́n ní o máa ń lọ bọ́ra láàrin àwọn òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"O kò wá rántí ilé mọ́? O kò rántí Ọmọ́yẹ́? Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ́ mọ́, Ọmọ́yẹ́ ti rìnhòòhò wọjà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjà ni Ọmọ́yẹ́ wọ̀. Bó bá jẹ́ odò ló lọ ni, ta ni ì bá pòwe mọ́ ọn?"

Kò dá mi lóhùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ó gbọ́. Nítorí àwa méjèèjì la dàgbà lábúlé. Lábúlé ìyá mi, odò kan náà ni gbogbo ìlú ń wẹ̀. Àwọn obìnrin wà lókè odò, àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀, igbó sì wà láàrin. Ẹni tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà odò kò gbọdọ̀ já lu ènìyàn lójijì. Bó bá ti ku díẹ̀ kó dé, yóò gbóhùn sókè: "Àgò o!" Bí ẹnì kan bá wà nínú omi, yóò dáhùn. Bó bá ní "àgò yà," o lè kọjá. Bó bá ní kí o dúró, wàá dúró títí yóò fi wé ìró. Kò sẹ́ni tó ka ẹni tó wà nínú omi sí oníwàkiwà, ẹni tó bá já lu odò láìkágò ni ọmọ burúkú. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ibi tó ń já sí fún mi ni pé pátákó tó wà ní Brighton yẹn, àgò ni. Ó ń bá àwa tó wà lẹ́yìn ebè kágò fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí wa, ó ti gbọ́, yóò gba ojú ọ̀nà òkè. Ẹni tó bá kọjá pátákó, ó mọ ohun tó ń lọ bá. Iyì àwa méjèèjì kò dín kù.

Yorùbá kò fìgbà kan rí ka gbogbo ìhòòhò sí ọ̀kan. Ní ọdún 2009, nígbà ìjà lórí ìbò gómìnà ní Èkìtì, àwọn ìyá àgbà jáde sígboro Adó-Èkìtì, wọ́n tú ọmú síta. Gbogbo ẹni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ara àwọn ènìyàn sì bù máṣọ. Ọmú yẹn kan náà ló fún ìlú lóúnjẹ. Ó di èpè nítorí ibi tí wọ́n gbé e dé àti ohun tí wọ́n gbé e jáde fún. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìhòòhò jẹ́ èérí níbi gbogbo, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa wá.

Kí wá ni òfin sọ? Ní Ẹ́ńgílándì àti Wales, wíwà níhòòhò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin Sexual Offences Act ti ọdún 2003, ní abala 66, ń mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé kí ẹlòmíràn rí i, kó sì kó ìpayà tàbí ìdààmú ọkàn bá a. Èrò ọkàn ẹni náà ni òfin ń wò. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ àbá òfin náà, ì bá kó àwa náà mọ́ ọ, àwọn ẹgbẹ́ wa ló kọ̀wé, tí wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, kí wọ́n tó tún un ṣe. Òfin mìíràn ṣì wà lórí àlàáfíà ìlú tí ọlọ́pàá lè fà yọ bí ènìyàn bá lọ ń dá rúgúdù sílẹ̀ nígboro.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, Stephen Gough, tó fi ìhòòhò rìn láti Land's End dé John o'Groats ní ọdún 2003 sí 2004. Òfin ti Scotland yàtọ̀, wọ́n mú un níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Yúróòpù sì dájọ́ lòdì sí i ní ọdún 2014. Àwọn kan nínú wa ka Gough sí akọni. Mo bọlá fún ìfaradà rẹ̀, àmọ́ n kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Kò kágò. Ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì lówùúrọ̀ kò gbà láti rí ìhòòhò ẹnikẹ́ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i pé kí a má fi lọ̀ ọ́ lójijì. Ibi tí mo bá àwọn tó kórìíra wa pàdé nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi: bí ìgboro bá jẹ́ ti aláṣọ, tí a kò sì bá wọn du ú, kí ló dé tí ìwọ̀nba etíkun tó ní pátákó kò fi lè jẹ́ tiwa?

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé mo ti rí bí irú etíkun bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn láyè ní Black's Beach ní ọdún 1974, nígbà tó di 1977 wọ́n dìbò, wọ́n sì gbà á padà. Ní Ìlà-oòrùn Jámánì, ìjọba tí kì í gba ìgbàkúgbà fẹ́ fòfin de ìhòòhò ní etíkun Baltic ní ọdún 1954. Àwọn ará ìlú kò gbà, wọ́n yarí, ìjọba ló padà sẹ́yìn, ó sì ṣe òfin tó fàyè gbà á ní ọdún 1956. Ìjọba tó lágbára tó báyẹn kò rí wọn mú. Nígbà tí Jámánì di ọ̀kan ní ọdún 1990 tí àwọn àlejò wá láti Ìwọ̀-oòrùn, ìráhùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn oníhòòhò sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ní etíkun tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà ìyá wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni Lighthouse Beach ní Fire Island, lẹ́bàá New York. Mo máa ń lọ kí àbúrò mi obìnrin ní New Jersey, etíkun Gunnison ni mo máa ń lọ níbẹ̀, ní Sandy Hook. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣọ́ni wà níbẹ̀, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, ènìyàn á máa wo àwọn ilé gogoro Manhattan lókèèrè bó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Fire Island náà dà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkìtì iyanrìn ló ń dáàbò bò ó, bí ebè òkúta ṣe ń dáàbò bo tiwa. Ìjì Sandy wá ní ọdún 2012, ó sì fọ òkìtì náà lọ. Àwọn tó wà létí omi wá hàn sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀sùn ìwà pálapàla sì ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé. Ní ọdún 2013, àwọn alábòójútó ní ó parí. Mazo Beach ní Wisconsin náà, ìwà àwọn oníṣekúṣe inú igbó ló pa á: wọ́n kọ́kọ́ tì í láàrin ọ̀sẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tó di ọdún 2016 wọ́n tì í pátápátá. Àwọn tó ń ka ìwé tí wọ́n ń bó ọsàn ló san gbèsè àwọn tó wọ igbó.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ọ̀tá wa tó sún mọ́ wa jù kì í wọ kọ́là àlùfáà. Ìhòòhò ló wà bíi tiwa. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá, yóò jókòó kọjú sí àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró síbi tó yẹ kó wà. Obìnrin tó rí i kò pariwo. Ó dìde, ó wá bá àwa mẹ́rin tó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sọ ọ́ kedere. A lọ bá a lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàlagbà mẹ́rin, ẹni tó dàgbà jù ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "A rí ọ. Kó ẹrù rẹ." Kò gbé ohùn sókè. Ọkùnrin náà ní kí ló kan wá, a kò dáhùn, a kàn dúró lórí rẹ̀. Nígbà tó kó ẹrù rẹ̀ tán, a bá a dé ẹsẹ̀ pátákó, a sì pe ọlọ́pàá láti ibẹ̀, a sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wọn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi lè pa ibẹ̀ mọ́. Bí a bá gbójú kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta á di ìwé ìròyìn, ìkẹrin á di ìpàdé ìgbìmọ̀.

Fóònù ni wàhálà kejì. Àwọn ọ̀dọ́ kan gun ebè lọ́jọ́ kan, aṣọ wà lọ́rùn wọn, wọ́n na fóònù sí wa. A lé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwòrán mi fi dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà nínú rẹ̀. Mo jókòó lórí aṣọ ìnura, mo ń jẹ àgbàdo, ojú mi hàn kedere. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ó ti pẹ́ tó ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ohun tó kàn bi mí ni pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé wọ́n kò fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i?" Oníbàárà mẹ́ta wá gba aṣọ wọn láìgé. Ọ̀kan fa léèsì rẹ̀ yọ láti abẹ́ àwọn yòókù, kò sì wo ojú mi. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó ya àwòrán láìkágò kò rí ibi kankan tí wọ́n ti bi í léèrè, èmi tí mo ń jẹ àgbàdo ni wọ́n dá lẹ́jọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni oníbàárà mìíràn wọlé lálẹ́, nígbà tí mo ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń rán aṣọ fún un láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà níléèwé. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ, èmi ni mo ń fi tìmùtìmù sí inú bùbá rẹ̀ lápá ọ̀tún, kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, èmi àti àwọn dókítà. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fọwọ́ tọ́ òwú.

"Bọ̀dá télọ̀, ibi tí ẹ̀ ń lọ yẹn, ṣé àwọn bíi tèmi náà máa ń wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, mà. Wọ́n pọ̀."

Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ, ní ọjọ́ tí èmi kò lọ, ìyẹn ló sì tọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ró ìró mọ́ ìdí, òun sì bọ́ òkè nìkan. Obìnrin kan tó ní àpá bíi tirẹ̀ kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ní fún ọdún mẹ́rin, ara òun nínú dígí balùwẹ̀ nìkan ni òun ń rí, òun rò pé òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ láyé. N kò mọ bóyá ó tún padà lọ. Mo ṣì ń fi tìmùtìmù sí bùbá rẹ̀, bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ mi. Orí àga ayẹyẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, lẹ́nu ẹni tí èrò bo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ebè òkúta Brighton ni mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ogójì ènìyàn ló wà níbẹ̀, kò sí aṣọ, ọkàn mi sì balẹ̀ pé n kò sí níta.

Ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ kò dọ́gba yẹn, a ti di ọ̀rẹ́. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí. Ní ọdún tó kọjá ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Peckham, ó ní ọmọ ọmọ òun fẹ́ ṣègbéyàwó, òun fẹ́ kí n rán kóòtù fún òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fi tépù kàn án. Mo wọn ẹ̀yìn, mo wọn apá, mo dé èjìká, mo dúró.

"Ṣé kí n gbé òsì yìí sókè díẹ̀?"

Ó ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n gbé e, pé ọmọ náà fẹ́ràn kí òun dúró ṣánṣán nínú fọ́tò. Mo fi tìmùtìmù ìka méjì sí i, mo rán an dáadáa, kóòtù náà bá a mu. Sátidé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó, oòrùn yọ. Mo dé ẹ̀yìn pátákó ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ti ṣíwájú mi débẹ̀, ó ti ká aṣọ rẹ̀ sórí òkúta. Ó juwọ́ sí mi, ó sì ń lọ sínú omi jẹ́jẹ́, ọ̀tún lókè, òsì nílẹ̀.